Níbo ni lẹ́tà mi ń sùn?

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ILR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú ọba níbí láìní gbèdéke, kò jẹ́ kí n sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá èèyàn ti rúfin rí, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ní kó o to gbogbo ìgbà tó o jáde nílùú sílẹ̀. Ìyẹn ò le. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kọ adírẹ́sì tí wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, mo kọ ọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ojú ewé tuntun ṣí, wọ́n wá bi mí: ṣé ibẹ̀ náà lò ń gbé? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Adírẹ́sì tí mo kọ yẹn, ilé Ìyá Ìjọ wa kan ni, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Èmi alára, inú ọkọ̀ ojú omi ni mò ń gbé, narrowboat, irin gbọọrọ kan báyìí tí fífẹ̀ ẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà méje, torí bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀kì tóóró yẹn láyé ijọ́un nìyẹn, ìyẹn àwọn ẹnu ọ̀nà orí omi tí ọkọ̀ ń gbà gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ò ní wọlé. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù tí mo ń dá èédú sí nígbà òtútù wà níbẹ̀, gáàsì wà, sólà wà lórí òrùlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn torí ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa jẹun lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín ìdí tí nọ́ọ̀sì kan fi máa sá fún rẹ́ǹtì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, Ayétòrò ni wọ́n bí wọn sí, etí òkun ni wọ́n dàgbà sí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò jọ wọ́n lójú rárá. Wọn ò bèèrè bóyá mo mọ omi wẹ̀, wọn ò bèèrè nípa òtútù. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ló máa máa bá ẹ gba lẹ́tà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Màámi, ayé ti di ayé íméèlì. Wọ́n ní ó dáa, káyé ṣáà máa dáa.

## Ọkọ̀ tí ò gbọdọ̀ dúró

Òfin kan wà tí gbogbo àwa tá à ń gbé orí omi níbí mọ̀ bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa, British Waterways Act ti 1995. Ohun tó sọ ò ṣòroó yé. Kó o tó lè gba láìsẹ́ǹsì, yálà kó o ní èbúté tìrẹ tí wàá máa so ọkọ̀ mọ́, tàbí kó o máa rìn. Tó bá jẹ́ rírìn lo mú, o ò gbọdọ̀ dúró sójú kan ju ọjọ́ 14 lọ láìdáwọ́ dúró, àfi tí ìdí tó mọ́gbọ́n dání bá wà, bí àìsàn, bí ẹ́ńjìnnì tó kọṣẹ́, tàbí kí omi di yìnyín. Èbúté tí wọ́n fọwọ́ sí pé èèyàn lè máa gbé níbẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣọ̀wọ́n, owó ẹ̀ náà sì ń lọ sókè. Nítorí náà rírìn ni mò ń rìn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 wá, owó láìsẹ́ǹsì àwa tá ò ní èbúté gan-an ti ju ti àwọn tó ní lọ, ìyẹn ni pé a tún ń sanwó lórí pé a ò níbì kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń wà lórí odò Lea, Springfield, Tottenham, Stonebridge, kí n gòkè lọ sí Waltham Abbey àti Broxbourne, kí n tún padà wálẹ̀ gba Hackney kọjá, kí n yà sí Regent's Canal, kí n dé ọ̀nà Paddington. Ibi tí mo bá so ọkọ̀ mọ́ ló máa sọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin tí mo máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tí iṣẹ́ alẹ́ bá parí, tí mo ti gbàgbé pé mo ti ṣí ọkọ̀ lánàá, ẹsẹ̀ mi á ti gbé mi dé ibi tí mo ti ṣí, màá wá dúró sétí omi bí ẹni tí wọ́n jí ilé ẹ̀ gbé.

Àwọn tó ń bójú tó àwọn omi yìí láti ọdún 2012 ni Canal & River Trust. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń rìn létí omi, wọ́n á wo nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ọwọ́ wọn, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí i àti ọjọ́ tí wọ́n rí i. Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jókòó pẹ́ jù nìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀. Àwọn kan lára wa máa ń bínú sí i, wọ́n ní wọ́n ń ṣọ́ wa. Èmi náà bínú tẹ́lẹ̀ o.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ní láìsẹ́ǹsì, mo ní inṣọ́ránsì, mo ní ìwé ẹ̀rí ààbò ọkọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ ló bófin mu. Àmọ́ kò sí èyí tó ṣeé fi hàn ní báǹkì pé ibi báyìí ni mò ń gbé, torí adírẹ́sì tó wà lórí gbogbo wọn, ti Ìyá Ìjọ ni! Mo dé báǹkì kan, mo ko gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, ọmọ Yorùbá ló bá mi ṣe é, ọmọkùnrin kékeré kan tó mọ̀wà hù. Ó wo ìwé, ó wo mí, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ má baà gbọ́, "Auntie, tí mo bá kọ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á. Ẹ ò ní búrọ̀dá kan tàbí sístà kan tí wọ́n nílé?" Mo ní mo ní Ìyá Ìjọ. Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ rí i, ẹ ò kọ́kọ́ sọ."

Mo gbìyànjú PO Box náà. Kí wọ́n tó fún ẹ ní PO Box, wọ́n á ní kó o mú ẹ̀rí ibi tó ò ń gbé wá. Mo ṣáà dúpẹ́. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Poste Restante, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan á bá ẹ tọ́jú lẹ́tà títí wàá fi wá gbà á, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n máa ń tọ́jú èyí tó wá láti inú ìlú níbí, ìyẹn ni pé lẹ́tà náà ò gbọdọ̀ dúró sójú kan ju bí ọkọ̀ mi ṣe lè dúró lọ. Tí mo bá ti gòkè lọ sí Broxbourne, ó ti dagbére fún mi nìyẹn.

Torí náà lẹ́tà mi ń lọ sílé Ìyá Ìjọ. Àwọn fúnra wọn ló dábàá ẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí wọ́n gbọ́ tí mò ń rojọ́. Wọ́n ní, "Ṣé lẹ́tà ló máa fọ́ ilé mi ni? Máa kó wọn bọ̀." Ìdí nìyẹn tí agbọ̀n kékeré kan fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn tó jẹ́ tèmi.

## Lẹ́tà tí kì í ṣe tèmi

Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n kí mi tán, wọ́n bèèrè iṣẹ́, wọ́n bèèrè Màámi, ẹ mọ bí àgbà ṣe máa ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká kó tó dé ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wọn, orúkọ tàwọn ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń san council tax, owó tí káńsù ń gbà lórí ilé kọ̀ọ̀kan, mọ̀ pé tó bá jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń gbé nínú ilé, wọ́n máa ń yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ìyá Ìjọ, opó ni wọ́n, àwọn ọmọ ti lọ, àwọn nìkan ló wà níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sì fi ń gbéra. Àwọn káńsù máa ń gbé orúkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tiwọn, láti fi mọ ẹni tó ń gba ẹ̀dínwó tí kò tọ́ sí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀, báǹkì mi wà níbẹ̀, fóònù mi wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ní adírẹ́sì wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, àwa méjì la jọ ń gbé ilé yẹn. Lẹ́tà náà ní kí wọ́n wá ṣàlàyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀dínwó máa lọ, wọ́n sì lè padà sẹ́yìn gba èyí tí wọ́n ti jẹ.

Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ohun tí àwọn máa sọ ni, torí àwọn ò fẹ́ purọ́, àwọn ò sì fẹ́ kó mi sí wàhálà. Kò sí nǹkan tó dùn mí tó ìyẹn. Obìnrin tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí ń ronú bí òun ò ṣe ní kó bá mi, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà mi ló gbé wàhálà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Mo kọ̀wé sí Trust, mo ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ mi. Ẹ̀tọ́ èèyàn ni láti bèèrè nǹkan tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé orí omi ló sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dé, ó gùn rẹrẹ: ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, nọ́ńbà ọkọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kó láìsẹ́ǹsì àti inṣọ́ránsì mọ́ ọn, mo gbé e lọ sí pálọ̀ Ìyá Ìjọ. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á jẹ́jẹ́ bíi pé ìwé ìpolongo ìgbéyàwó ni. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró. Wọ́n gbójú sókè.

"Oṣù kẹta. Alẹ́ àṣemọ́jú wa. O ní o wà ní Broxbourne, kò sí ọkọ̀ tó máa gbé ẹ wá."

Mi ò sọ nǹkan kan.

"Paddington lo wà."

Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ò sùn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, lẹ́yìn náà la jókòó, a kọ lẹ́tà sí káńsù.

Àárín lẹ́tà yẹn ni ojú mi là, kálámù wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dórí omi, kò sí ọ́fíìsì tí mi ò tíì gbé ìwé lọ láti fi hàn pé mò ń gbé ibì kan. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mò ń wá ẹ̀rí pé mi ò gbé ibì kan. Ìwé kan náà ni o! Láìsẹ́ǹsì tí kọ̀ǹpútà báǹkì ò kà sí, tí ọmọdékùnrin yẹn ò tiẹ̀ lè tẹ̀ wọlé, òun ni káńsù gbà lọ́wọ́ wa tí wọ́n sì fi gbà pé òótọ́ ni, ọkọ̀ ni ilé obìnrin yìí, kì í gbé pẹ̀lú yín, ẹ máa gbádùn ẹ̀dínwó yín lọ. Ìwé náà ò lágbára láti fún mi ní ilé, ṣùgbọ́n ó lágbára láti lé mi jáde nílé onílé.

## Àpótí Bàbá mi

Mo ti ń ro ó láti ìgbà yẹn. Bàbá mi tíṣà ni wọ́n ní Òkìtìpupa, wọ́n ní àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, torí ilé wa ò ní nọ́ńbà, àdúgbò náà ò sì lórúkọ tí amúlẹ́tà lè mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà kí fóònù tó dé rántí bó ṣe máa ń rí. Ìdajì àwọn ará àdúgbò ló ń lo àpótí yẹn. Orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà á wà lókè, "c/o" á wà lábẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ Bàbá mi, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àpótí. Èsì WAEC ọmọ ẹni kan ń gba ibẹ̀ wọlé, lẹ́tà ọkọ ẹni kan láti Jámánì ń gba ibẹ̀ wọlé, ìwé gbígbaniwọlé sí yunifásítì náà ń gba ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá mi pé ṣé inú àpótí yẹn náà ni gbogbo wọn ń gbé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa yin ayé àtijọ́ o. Àpótí yẹn ní wàhálà tiẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń lò ó, nígbà tó yá àwọn tó jẹ ní gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í wá, kì í ṣe ilé ọkùnrin náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀dọ̀ Bàbá mi ni wọ́n ń wá, wọ́n ní orúkọ ẹ̀yin tíṣà làwọn rí nínú ìwé. Bàbá mi sọ fún un pé kó lọ wá ibòmíràn. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń bá ẹ gba lẹ́tà, oníduró ẹ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ wà lójú àpòòwé. O máa ń kí i dáadáa nígbà ọdún. Tó o bá bà á lórúkọ jẹ́, lẹ́tà ẹ á máa rìn gbéregbère.

Ní ibí, àṣà náà ṣì wà digbí, wọ́n kàn yọ orúkọ oníduró kúrò ni. Nọ́ńbà ilé àti póòsíkóòdù nìkan ló kù. Báǹkì ò mọ Ìyá Ìjọ, Home Office tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà ò mọ̀ wọ́n, ibi iṣẹ́ mi tí òfin ní kí wọ́n ní adírẹ́sì gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé físà fún ò mọ̀ wọ́n. Ojú ilé nìkan ni gbogbo wọn rí, wọ́n sì rò pé ilé ló dúró fún mi. Ìgbà tí owó fẹ́ dínkù ni ọ́fíìsì kan tó rántí pé ẹ̀dá alààyè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ohun tí wọ́n sì fún un ni ìwé ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí yìí náà ti gbé lórí adírẹ́sì ẹlòmíràn rí, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹni tí lándílọ́ọ̀dù ní kó má fi orúkọ sí nǹkan kan, ẹni tí ìyàwó lé jáde. Ẹnì kan ló ń bá a san nǹkan níbì kan.

Kí n má ba gbogbo wọn jẹ́ ṣá, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ronú ẹ̀ jinlẹ̀. NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ti là á mọ́lẹ̀ pé èèyàn ò nílò adírẹ́sì kan pàtó kó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, wọ́n tiẹ̀ ṣe káàdì pélébé kan tó o lè fi han ẹni tó bá jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n. Mo ti fi han ẹnì kan rí tí kò rí i rí láyé ẹ̀. Ìdìbò náà ńkọ́? Fọ́ọ̀mù kan wà fún àwọn tí kò níbùgbé tó dúró, wàá kọ ibi tó o ti máa ń lo ọ̀pọ̀ àkókò ẹ síbẹ̀, àní tó bá jẹ́ bẹ́ǹṣì inú ọgbà. Ẹ jẹ́ kí n sì rán àwa ọmọ Nàìjíríà létí, torí ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀: ọmọ Commonwealth ni wá, tí físà wa bá ti bófin mu, a lè dìbò níbí, kódà kí ILR tó jáde. Mo dìbò lórí ibi tí mo máa ń so ọkọ̀ mọ́. Mo wọlé, wọ́n rí orúkọ mi, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo jáde. Mo fẹ́ sunkún.

eVisa náà wà níbẹ̀, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi rọ́pò káàdì tá a máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń bú u, èmi náà gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n dá dúró ní Múrítàlá torí wọn ò rí share code wọn ṣí, ìyẹn kóòdù tí èèyàn fi ń fi físà ẹ̀ hàn. Àmọ́ ẹni tó ń gbé orí omi ò lè bá wọn bú u dénú. Nígbà káàdì, ẹnì kan ní láti wà nílé láti gba pálì lọ́wọ́ amúlẹ́tà, tí kò bá bá ẹnì kankan, ó di eré ìdárayá. Àwọn káàdì yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní báyìí inú fóònù ni pálì wà, ó ń bá mi rìn. Ìṣòro ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé nínú oṣù kìíní, oòrùn ò tó, sólà ò mú nǹkan wọlé, tí mi ò bá tan ẹ́ńjìnnì, fóònù á kú, èmi náà á sì di ẹni tí kò níwèé títí bátìrì á fi gba iná.

## Bẹ́ẹ̀ kọ́

Mo padà sórí fọ́ọ̀mù. Àwọn kan ní kí n kọ bẹ́ẹ̀ ni, kí n kúrò níbẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa ní a kì í fi òótọ́ ọ̀rọ̀ da oúnjẹ ẹni nù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún káńsù pé mi ò gbé ilé yẹn, lẹ́tà náà wà ní fáìlì wọn, tí mo bá wá yíjú sí ìjọba kan náà tí mo ní ibẹ̀ ni mò ń gbé, ta ni mo fi ṣe òpùrọ́? Ìyá Ìjọ ni.

Mo mú bẹ́ẹ̀ kọ́. Àpótí tuntun ṣí, wọ́n ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé. Mo kọ orúkọ ọkọ̀ mi, Adùkẹ́, kọ̀ǹpútà kọ àmì orí ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo yọ gbogbo ẹ̀, ó di Aduke lásán. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀, mo kọ orúkọ odò, mo kọ nọ́ńbà afárá tó sún mọ́ mi, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ambulance nìyẹn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo wá fi póòsíkóòdù àdúgbò tí mo so ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn sí i. Mo kọ ìwé àlàyé kan tó kún ojú ewé kan, mo fi àkọsílẹ̀ Trust tì í lẹ́yìn. Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí kì í ṣe irú ilé tí èèyàn ń gbé ni wọ́n fi ń wọn ILR lórí físà iṣẹ́. Nígbà tí mo tọrọ tèmi, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wò, pé o ò kúrò nílùú fún ohun tó ju 180 ọjọ́ lọ nínú oṣù 12 kankan, owó oṣù ẹ, lẹ́tà ibi iṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ìdánwò Life in the UK yẹn, ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, o gbọ́dọ̀ gba 18 ó kéré tán. Mo ti ṣe é. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa lọ́ọ̀kì, èyí tó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dáadáa nípa ìlú yìí.

Mo ti lọ tẹ̀ka. Mò ń retí èsì. Íméèlì ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹ bá mi ṣe àmín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ ra ọkọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ nípa irin bá yín wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gbà pé òtútù ò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ìyẹn, ẹ bá ẹni tó máa gba lẹ́tà yín jókòó, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó ń gba ẹ̀dínwó council tax, bóyá káńsù ń bá a san rẹ́ǹtì, bóyá lándílọ́ọ̀dù ẹ̀ gbà. Ẹ kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ tó sọ pé ẹ ò gbé ibẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fún un kó tọ́jú. Èyí tí mo kọ fún Ìyá Ìjọ wà nínú Bíbélì wọn.

Mo fẹ́ máa fún wọn lówó díẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n yarí. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan, kí n wá bá àwọn wo lẹ́tà tiwọn. Ó jọ mí lójú. Ìyá Ìjọ ti ń gbé ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti máa gbé ibẹ̀, sítáǹbù kan ni, nínú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà àtijọ́ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò ní eVisa, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń bèèrè ẹ̀. Irú wọn pọ̀ nínú ìjọ wa, kò sì gba owó, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní No Time Limit, òun ni wọ́n fi ń sọ irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀ di eVisa, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti to ìwé síta, lẹ́tà káńsù ti ọdún gbọọrọ, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló ní adírẹ́sì kan náà. Wọ́n ní kí n tètè dé, wọ́n á se ẹ̀wà, àmọ́ mi ò gbọdọ̀ gbé bátìrì ọkọ̀ kankan wá gba iná nílé àwọn, torí iná ti wọ́n.